Ẹ̀rọ Ìlù Tó Ń Tiro

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Èmi náà ti bú ara mi, ìyàwó mi ti bú mi kún un. Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, kò lè jẹ́ tuntun létí mi mọ́.

Iṣẹ́ jígí ojú ni mò ń ṣe. Bí ojú yín ò bá ríran dáadáa, èmi ni mo máa gé jígí tó máa bá a mu. Tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, gìtá béèsì ni mo máa ń gbé kọ́rùn.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ olórin wa: èmi, Nọ́ọ̀sì tó ń kọrin, àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń lu dírọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì là ń pe olórin wa torí pé nọ́ọ̀sì ni lóòótọ́, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Púlọ́ńbà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Inú gáréèjì rẹ̀ la ti máa ń dánra wò, láàárín páìpù àti àgbá omi.

Ọkùnrin yìí ló bá mi bẹ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún onígìtá. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ báyìí, torí ó máa dùn yín tó bá yá.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì dá orin dúró lójijì, tó sì gbé makirofóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ó ní, "ìlù kan ń sọnù nínú orin yìí."

"Ó ń sọnù bí i ti báwo?" ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi béèrè.

"Ẹ̀ ń gbé e mì. Gbogbo ìgbà tí orin bá fẹ́ yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń gbé ìlù kan mì, èmi á wá ku èmi nìkan lókè, bí ẹni tí wọ́n yọ àkàsọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkàn aláìsàn ló ń lù báyìí, mo ti sáré pe dókítà."

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ló fẹ́ gbọ́ wa. Tí wọ́n bá fẹ́ràn wa, a ó máa kọrin níbẹ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó dá òun lójú pé ọ̀kan nínú wa ló ní àìsàn yìí, àti pé òun máa yọ ẹni náà kúrò kó tó ran ẹnì kejì.

"Kì í ṣe èmi o," ni mo sọ.

"Èmi náà kọ́," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sọ. Ó gbọ́n omi òógùn ojú rẹ̀ nù. "Bí mo ṣe ń lù ú láti kékeré nìyẹn. Ẹ̀bùn ni."

Mo wo ojú rẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ọwọ́ ti tẹ olè.

Èrò mi kò burú nígbà yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Mo kàn fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlù kékeré tí màá fi máa dánra wò nílé, kó lè hàn pé ẹsẹ̀ tèmi tọ́. Ẹ̀rọ ìlù kì í pẹ́ dé. Kì í bínú. Kì í jókòó síwájú ọkọ̀ kó ní kí èmi àti gìtá lọ há ara wa mọ́ ẹ̀yìn.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tó wà lórí fóònù, torí ọ̀fẹ́ ni. Bí orin bá ti ń wọ̀ mí lára báyìí, obìnrin kan á já wọlé, á bi mí bóyá mo mọ̀ pé eyín mi lè funfun jù báyìí lọ. Nígbà tó yá, mi ò fetí sí ìlù mọ́, obìnrin yẹn ni mò ń dúró dè. Mo pa á rẹ́.

Mo bá gbé gìtá mi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Bàbá náà jókòó sáàárín rédíò tí kò nínú àti fáànù tí kò lórí.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ẹ̀rọ ìlù ni mò ń wá. Èyí tí apá mi ká."

"Apá yín gùn tó ibo?"

"Kò gùn, bàbá."

Ó gbé ọ̀kan jáde tó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun, tí iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi. Nígbà tó sọ iye rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tètè gbé e padà kó má baà bà jẹ́ lójú mi.

Ó gbé èkejì wá. Èyí mọ níwọ̀n, owó rẹ̀ náà kò pa èèyàn. Mo tan án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí orin fi fẹ́ yí padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti rọ́ lù mí.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ti bà jẹ́."

"Kò bà jẹ́."

"Ó ń fi ìlù kan kún un."

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ kì í fi nǹkan kún nǹkan. Ohun tí wọ́n bá fi sínú rẹ̀ ló ń sọ."

Mo tún un ṣe, ó tún rọ́ lù mí. Inú bí mi. Mo sọ fún bàbá náà pé kó má fi ọjà burúkú lọ̀ mí, pé kì í ṣe àná ni mo bẹ̀rẹ̀ gìtá. Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Bàbá ò bá mi jiyàn. Ó tẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ó sì fa ẹ̀kẹta jáde. Kò tóbi ju àwo ọṣẹ lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnì rẹ̀ ti pa rẹ́ tán. Ilé bátìrì rẹ̀ ti já, wọ́n sì ti fi téèpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wé e, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹnu páìpù kí omi má baà jò.

Mo rí téèpù náà o. Èmi oníjígí ojú, ojú mi rí i kedere, àmọ́ ọpọlọ mi ò sọ nǹkan kan fún mi.

"Mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbé èyí jáde," ni bàbá wí. "Ọkùnrin tó tà á fún mi ò ná an rárá. Ó gba ohun tí mo fún un, ó sì sá lọ bí ẹni tó ju òkú ológbò nù."

Mo tan án. Ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ló wọ̀ mí bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ mi lára! Nígbà tí orin fẹ́ yí padà, mo ti fún ara pọ̀, mo ń dúró kó rọ́ lù mí. Kò rọ́ lù mí. Èmi àti ẹ̀ jọ kọjá wẹ́rẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

"Bàbá, èyí gan-an ni. Èyí mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Bàbá wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí.

"Ẹ̀yin méjèèjì bára yín mu," ó ní, ó sì fi í sínú ọ̀rá.

Mi ò lè jẹ́ kí ìyàwó mi rí i, torí kò sí ohun tí ìyàwó mi rí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní gbọ́. Ibì kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú ilé wa ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo sọ di gáréèjì tèmi. Màá fi okùn ìgbóhùn ẹ̀rọ náà sétí, màá gbé gìtá lé itan, màá jókòó.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?" ni ìyàwó mi ń béèrè láti ìta.

"Inú ló ń run mí."

"Gìtá ńkọ́?"

Mo ronú díẹ̀. "Ó ń bá mi kẹ́dùn ni."

Obìnrin náà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àṣé fóònù ló lọ gbé. Kí n tó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé pẹ̀lú oògùn àti ọsàn, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó ń kí mi bí ẹni tó wá kí aláìsàn ní ọsibítù.

"Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó ń dín kù?"

Mo yára pa ẹ̀rọ náà. "Ó ń dín kù, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé o."

"Má kánjú. Rọra ṣe é."

Nígbà tí mo jáde, ó wọlé lọ wo ibẹ̀, bí púlọ́ńbà ṣe máa ń ṣe. Ó jáde, ó ń mi orí.

"Ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín ti sán. Ẹni tí inú ń run ò gbọ́dọ̀ máa jókòó lórí ohun tó sán. Màá mú tuntun wá fún ẹ. Má dárúkọ owó fún mi o."

Ẹ̀ ń sọ ọ́ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Èmi náà mọ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ti kó sí mi lórí. Bí mo ṣe ń bó ọsàn tí ọkùnrin náà mú wá fún mi, mò ń ronú bí mo ṣe máa lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo jẹ ọsàn náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti mọ ẹni tó ní àìsàn náà."

"Ta ni?"

"Mi ò fẹ́ dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ti ń bá onílù míì dánra wò, kò sí ìlù kankan tó ń sọnù. Onílù yìí kì í jẹun, kì í gbowó, kì í pẹ́ dé. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. A lè sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú."

Gbólóhùn yẹn korò lẹ́nu mi. Mo mu omi lé e.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì gba ilé wa kọjá láti ọsibítù, ó sì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn. Mo ti gbé ẹ̀rọ náà sórí àga kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀. Àga yẹn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi máa ń jókòó sí tó bá wá kí wa. Kò sí ẹlòmíì tó ń jókòó síbẹ̀.

"Èyí ni onílù?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ẹ má fojú kékeré wò ó."

Mo tẹ bọ́tìnì, a bẹ̀rẹ̀. Mo di ojú mi torí ó dùn mọ́ mi. Mo ń rí ara mi ní hòtẹ́ẹ̀lì, nínú kóòtù, táwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo la ojú, Nọ́ọ̀sì ti dákẹ́ orin. Ó fi ìka méjì lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, bí ẹni tó ń wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù.

"Ó gbé e mì," ó ní.

"Ta ló gbé kí ni mì?"

"Ẹ̀rọ yìí. Ìwọ náà. Ẹ jọ gbé e mì pọ̀ ni."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ò lè..."

"Tún un ta."

Mo tún un ta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, pá, pá, pá. Nígbà tí orin fẹ́ yí padà, èmi àti ẹ̀rọ ti kọjá lọ, àtẹ́wọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo dún lẹ́yìn wa nínú yàrá náà.

Mo rántí ẹ̀rọ kejì tí mo bú ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló tọ́! Ooru bò mí láti ọrùn dé etí.

Àfi bí ohùn ọkùnrin kan ṣe dún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló gbé ẹ̀rọ mi wá síbí?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àpò irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọsàn wà lọ́wọ́ kejì, ó sì fi ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà.

"Ẹ̀rọ yín, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹ̀rọ míì tó ń tiro báyẹn láyé yìí." Ó súnmọ́ ọn, ó fọwọ́ kan téèpù funfun náà. "Téèpù mi nìyí."

Ó wá gbójú sókè. Ó wo Nọ́ọ̀sì. Ó wo gìtá tó wà lọ́rùn mi. Ó wo ibi tí ẹ̀rọ náà jókòó sí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má yé e tán.

"Àbúrò, wọ́n ní inú ń run ẹ́."

"Ó ń run mí, Ẹ̀gbọ́n." Ní àsìkò yẹn, òótọ́ ni.

"Àga mi lo gbé e lé."

Mo tẹ orí ba, mo ń tún okùn gìtá mi ṣe.

Nọ́ọ̀sì ló bi í léèrè. "Báwo ni ẹ̀rọ yìí ṣe jẹ́ tìẹ?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbé ọsàn kalẹ̀. "Òun ló kọ́ mi ní ìlù. Kò sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Mi ò ní olùkọ́, èmi àti ẹ̀rọ yìí nìkan la jọ wà nínú gáréèjì. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀ pé ó ń tiro, èmi náà ti ń tiro. Ojú tì mí. Mo lọ tà á, mo rò pé tí mi ò bá ti rí i mọ́, ẹsẹ̀ mi á tọ́."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí? Mo ń sá fún akẹ́kọ̀ọ́, mo wá fowó ara mi lọ ra olùkọ́. Ó sì bá mi mu, torí ọjọ́ pẹ́ tí ọkùnrin náà ti kó àìsàn rẹ̀ ràn mí. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ti tẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà, ó ń wo bọ́tìnì kan ní igun rẹ̀.

"Kí nìyí? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pa rẹ́."

"Béèsì ni," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dáhùn.

"Béèsì kí ni?" ni mo béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́. Béèsì jáde látinú àwo ọṣẹ yẹn, ó nípọn, ó rọra, ó dùn. Ohun tí mò ń ta gan-an ló ń ta. Nígbà tí orin fẹ́ yí padà, ó gbé e mì níbi tí èmi náà ti máa ń gbé e mì.

Gìtá kàn rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn lásán.

Nọ́ọ̀sì kọrin tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó débi tí ìlù ti ń sọnù, ó rọra fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

"Aláìsàn tí mo bá ti mọ àìsàn rẹ̀, mo lè tọ́jú rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì, mi ò mọ ohun tó ń ṣe yín."

Ó fi ẹ̀rọ náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì lọ. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé èmi ni mo rà á.

Òun àti ẹ̀rọ náà ni hòtẹ́ẹ̀lì gbà. Wọ́n ní èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Tí orin bá débi tó ti ń tiro, gbogbo àwọn tó ń jó á jọ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n rò pé ijó tuntun ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì lọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bọ́ ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́rùn. Mo rò pé ó fẹ́ là á mọ́ mi lórí. Ó wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀, ó yọ èyí tó sán, ó sì de tuntun. Èmi wá ni mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n."

Ó mi ìjókòó náà wò bóyá ó dúró dáadáa. Ó fọ ọwọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ.

Ìjókòó náà dára gan-an. Kò tíì sí ọjọ́ tí mo jókòó lé e tí ojú ò tì mí.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. "Ẹni tó bá ẹ bẹ àwọn òbí mi!" ló ń pariwo. "O gbé àwo ọṣẹ lé àga rẹ̀!" Ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí mi ò lè kọ síbí torí àwọn ọmọdé.

Àwọn àgbà ní kí ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ tèmi jìn, mo tún lọ ra ṣọ́bìrì rẹ̀ ní àlòkù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlù tí apá yín ká, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra èyí tó bá ń gbà fún yín. Ẹ ra èyí tó bá ń bá yín jà, kẹ́ ẹ sì má bú bàbá tó ń tà á.

Ó pẹ́ kí n tó rí ojú lọ sí gáréèjì yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo lọ. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ìlù. Mo dúró, mo tẹ́tí sí ibi tí orin ti máa ń yí padà. Kò gbé nǹkan kan mì! Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti lọ wá olùkọ́ gidi, pé àárín àwọn ọmọ iléèwé ló ń jókòó sí tó ń kọ́ ìlù látìbẹ̀rẹ̀, tòun ti eékún rẹ̀ tó yọ sókè ju tábìlì lọ.

Mo wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ rọ́pò yín."

"Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe." Ó ń fi igi ìlù họ ẹ̀yìn rẹ̀. "Gìtá ẹ dà?"

Ìta ni mo gbé e tì. Mo gbé e wọlé, a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin fẹ́ yí padà, òun kọjá tààrà, èmi nìkan ni mo gbé e mì. Mo gbọ́ bí mo ṣe ṣubú. Mo dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ara mi ló kù sí."

"Tún un ta."

Mo tún un ta. Òógùn ti bò mí kí n tó débẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo máa gbé e mì, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé òun fẹ́ sín. Mo gbé e mì. Òun náà gbé e mì. A jọ balẹ̀ síbì kan náà.

Mo gbójú sókè wò ó. Àjà gáréèjì ló ń wò, bí ẹni pé ó ń wá ibi tó ń jò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì ni?"

"Èwo ni mo gbé mì?" ó ní. "Máa ta gìtá ẹ, jàre."